Ẹ̀kọ́ fún Àgbẹ̀ àti Oníṣòwò: Bí A Ti Í Kọ Ìpolówó Ọjà Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀kọ́ yìí kò jẹ mọ́ ebè kíkọ, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ mọ́ ìtọ́jú ibà. Ó jẹ mọ́ ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ wa bá ti parí, tí ó kù kí a rí ẹni tí yóò rà á ní iye tí ó tọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè wa, láti Òrù dé Àgọ́-Ìwòyè, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé etí omi ní Ìbíadé, Abigi àti Ìwópìn, ni ó mọ gààrí yan, tí ó mọ obì tọ́jú, tí ó sì mọ ẹja yan dáradára; síbẹ̀ ọwọ́ ẹlòmíràn ni èrè iṣẹ́ náà ń bọ́ sí. Alájàpá mú ọkọ̀ wá, ó dá iye owó, ó kó ẹrù lọ. Nígbà tí ẹrù náà bá dé Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹni tí ń jẹ ẹ́ kò mọ ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí ó ṣe é kò sì mọ ẹni tí ń jẹ ẹ́.

A kò bú alájàpá. Owó ọkọ̀ àti ewu ọ̀nà ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní oníbàárà mìíràn tí ó lè tà fún, ẹnu rẹ̀ a máa gba ọ̀rọ̀ nígbà tí alájàpá bá ń ná ọjà. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wa tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa lè wá irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ fún wa, bí a bá mọ ohun tí a ó kọ sínú rẹ̀. Nítorí ìdí èyí ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. Ohun tí ìpolówó jẹ́

Ìpolówó kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ ìtumọ̀ rẹ̀: kí a pe olówó. Ẹ kíyè sí obìnrin tí ń kiri ẹ̀kọ ní òwúrọ̀. Kì í ka ìtàn ìdílé rẹ̀ fún àwọn tí ó wà nínú ilé, kì í sì í sọ pé òun ni ó mọ ẹ̀kọ ṣe jù lọ ní ayé. Ó dárúkọ ohun tí ó rù, ó sọ bí ó ti rí, pé ó gbóná tàbí pé ó tutù, ó sì rìn lọ́nà tí ẹni tí ebi ń pa yóò fi lè pè é dúró. Ohun mẹ́ta yìí, orúkọ ọjà, bí ọjà ti rí, àti ọ̀nà tí a ó gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á, ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìpolówó, ìbáà ṣe ti ẹnu, ìbáà ṣe ti ìwé, ìbáà ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ó di ohun tí a lè ṣe ní èdè wa láti tẹ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn kà á. Ní 1928 a dá ilé iṣẹ́ West African Publicity sílẹ̀ ní Èkó, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpolówó ọjà nìkan. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò wọ̀nyí, ilé iṣẹ́ ńlá ni ó lè san owó rẹ̀. Kò sí ohun tí ó kan ẹni tí ń yan gààrí ní abúlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè wa lọ́nà tí a ń pè ní GSM. Ní 2003 Globacom wọlé, ilé iṣẹ́ Mike Adenuga tí í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì jẹ́ kí a máa san owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ni fóònù ti di ti gbogbo ènìyàn. Lónìí ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ń ṣe tẹ́lẹ̀, àgbẹ̀ lè ṣe é láti abẹ́ igi kòkó rẹ̀.

2. Ọ̀rọ̀ tí ń kọjá lọ àti ọ̀rọ̀ tí ń dúró

Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ni a lè kọ. Èkíní dà bí igbe ẹni tí ń kiri ọjà. Irú rẹ̀ ni àwòrán àti ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a ń gbé sórí Status ti WhatsApp. Ó dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí 24 ó ti pòórá. Ẹni tí kò ṣí fóònù rẹ̀ ní ọjọ́ náà kò gbọ́ ọ.

Èkejì dà bí Àlímánáàkì tí a fi kọ́ ara ògiri. Ẹni tí kò kà á lónìí lè kà á ní ọ̀la. Ẹni tí ó wá nǹkan ní oṣù mẹ́fà sí i yóò bá a níbẹ̀. Irú rẹ̀ ni ojú-ìwé tí a kọ nípa ọjà wa sórí Facebook tàbí sí ojú-ìwé tiwa, àti àkójọ ọjà tí a lè tò sínú WhatsApp Business. Láti 2018 ni WhatsApp Business ti wà fún àwọn oníṣòwò kékeré, a kì í sì í san owó kí a tó gbé e sórí fóònù.

Ẹni tí ó gbọ́n a máa lo méjèèjì pọ̀. Ó fi èkíní pe ènìyàn, ó sì fi èkejì dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n bá dé. Àṣìṣe ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni pé wọ́n ń kígbe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní ibi tí ẹni tí ó gbọ́ igbe náà lè jókòó sí kí ó ka ẹ̀kúnrẹ́rẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, ní 1895, ilé iṣẹ́ John Deere tí ń ṣe ohun èlò ìtúlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan fún àwọn àgbẹ̀, The Furrow, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Aporo. Kì í ṣe kìkì pé ẹ ra ohun ìtúlẹ̀ wa ni ó ń sọ. Ó ń kọ́ àgbẹ̀ ní iṣẹ́ oko. Àgbẹ̀ kà á nítorí èrè tí ó wà nínú rẹ̀ fún un, nígbà tí ó sì fẹ́ ra ohun ìtúlẹ̀, orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ ni ó kọ́kọ́ rántí. A ṣì ń tẹ ìwé náà títí di òní. Ohun tí a ó kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá kọ́ oníbàárà ní ohun tí ó wúlò ti sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó tó dé àárín wọn.

3. Bí a ti í kọ ọ́

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan tí ń yan gààrí ní Òrù ṣe àpẹẹrẹ. Bí kò bá ní ẹni tí ó kọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kí ó kọ báyìí pé:

“Gààrí wa ni ó dára jù lọ ní gbogbo ayé. Kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ẹ sáré wá rà á kí ó tó tán. Ẹ kọ̀wé sí wa láti mọ iye owó rẹ̀.”

Kí ni ẹni tí ó kà á mọ̀ nísinsìnyí tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Kò mọ ibi tí gààrí náà ti wá, kò mọ̀ bóyá ó kan tàbí kò kan, kò mọ bí ó ti wúwo tó, kò sì mọ iye owó. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni ó kún inú rẹ̀, gbogbo oníṣòwò ni ó sì ń yin ọjà ara rẹ̀. Jẹ́ kí obìnrin náà tún un kọ báyìí pé:

“Gààrí Ìjẹ̀bú láti Òrù. Ọjọ́ 4 ni a fi jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rírin rẹ̀ kan nínú àpò, lẹ́yìn náà ni a fún un gbẹ, a sẹ́ ẹ, a sì yan án nínú agbada títí ó fi gbẹ dáradára. Kò ní epo pupa nínú. Ó kan, ó sì dára fún mímu pẹ̀lú omi tútù. Àpò kílò 5 ni a ń tà, orí òṣùwọ̀n ni a sì ti wọ̀n ọ́n. Iye owó rẹ̀, àti owó ọkọ̀ dé Èkó àti Ìbàdàn, wà lábẹ́ àwòrán yìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni a ń fi ẹrù ránṣẹ́. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ yín tí ó tutù tàbí tí àpò rẹ̀ ya, ẹ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ní ọjọ́ náà, a ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà tí ó wà nísàlẹ̀ yìí.”

Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kan ṣoṣo nínú èyí àfi pé ó dára fún mímu, síbẹ̀ òun ni ó ń mú kí ẹnu ṣomi. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ wò.

Ìkíní, àkọlé rẹ̀ ni orúkọ tí oníbàárà fúnra rẹ̀ ń pe ọjà náà, àti ìlú tí ó ti wá. Orúkọ gààrí Ìjẹ̀bú ti lọ jìnnà. Àwọn baba àti ìyá wa ni wọ́n ṣe orúkọ náà, ogún tiwa ni. Kí á má fi í pamọ́ sábẹ́ àlàyé.

Ìkejì, iye àti ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni a fi rọ́pò ìyìn. Ọjọ́ 4, kílò 5, agbada, òṣùwọ̀n: ohun wọ̀nyí ṣeé rí, wọ́n sì ṣeé yẹ̀ wò. Ẹni tí ń yan gààrí lè rò pé kò sí ìwúlò nínú sísọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bí sí Èkó tàbí sí Lọ́ńdọ́nù kò rí agbada rí. Ohun tí ó ti sú wa ní ṣíṣe jẹ́ ìròyìn dídùn létí rẹ̀. Kílò ni kí a sì lò, nítorí kóńgò ìlú kan yàtọ̀ sí kóńgò ìlú kejì, èyí sì ti dá ìjà púpọ̀ sílẹ̀.

Ìkẹta, ó dáhùn ìbéèrè kí a tó béèrè. Ẹ jókòó, kí ẹ rántí ohun tí oníbàárà mẹ́wàá ìkẹyìn bi yín: èló ni? ó kan bí? báwo ni yóò ti dé ọ̀dọ̀ mi? bí ó bá bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ kọ àwọn ìbéèrè náà sílẹ̀. Ìdáhùn wọn ni ìpolówó yín.

Ìkẹrin, ó parí pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo tí oníbàárà yóò ṣe: kí ó pe nọ́ńbà. Ẹ má fi ọ̀nà márùn-ún hàn án. Ẹni tí a fi oríta púpọ̀ hàn a máa padà sílé.

Irú ọ̀nà kan náà ni ti obì àti ti ẹja. Kí olóbì Ìjẹ̀bú-Igbó sọ bóyá gbànja ni tàbí abata, bí ó ti tóbi tó, oṣù tí a ká a, àti ohun tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú agbọ̀n tí a fi ewé tútù tẹ́ ni ó ń gbé, tí a kò sì da oògùn kòkòrò sí i, kí ó sọ ọ́, nítorí ohun tí ènìyàn ń jẹ lásán láìsè ni obì. Kí ẹlẹ́ja Ìwópìn sọ orúkọ ẹja, igi tí a fi yan án, àti iye ọjọ́ tí ó lè pẹ́ kí ó tó bàjẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé, “Èmi kò mọ ìwé tó bẹ́ẹ̀.” Èyí kì í ṣe ìdènà. Ẹni tí ó mọ ọjà ni kí ó sọ ọ̀rọ̀, ẹni tí ó mọ fóònù ni kí ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè kún agbègbè wa. Ọmọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n, tàbí ọmọ ìjọ lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìyá bá ti ń sọ ọ́. Ní ìsinsìnyí pàápàá àwọn ẹ̀rọ wà tí ń kọ̀wé fúnra wọn nígbà tí a bá sọ fún wọn. Wọ́n lè tún àkọtọ́ ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ gààrí yín rí. Bí ẹ kò bá sọ iye ọjọ́ tí ó fi kan fún wọn, ọ̀rọ̀ dídùn tí kò ní nǹkan nínú ni wọn yóò kọ fún yín, tàbí kí wọ́n kọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́. Kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ kí ó tó jáde, nítorí orúkọ yín ni ó wà lábẹ́ rẹ̀.

4. Ìbéèrè tí a kò gbọdọ̀ sá fún

Lẹ́yìn ìpolówó, ẹ kọ ìwé ẹ̀kọ́ kúkúrú fún oníbàárà, bí èyí tí John Deere ń kọ fún àgbẹ̀. Ẹ lè kọ nípa bí a ti í mọ gààrí tí ó gbẹ dáradára, bí a ti í tọ́jú rẹ̀ ní ìgbà òjò kí ó má bu, àti èyí tí ó dára fún ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè tí àwọn oníṣòwò kì í fẹ́ gbọ́: ǹjẹ́ òtítọ́ ni pé gààrí ń ba ojú jẹ́?

Oníṣòwò aláìmòye yóò kọ̀wé pé irọ́ ni, pé gààrí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára láé. Èyí kò tọ́. Májèlé kan tí a ń pè ní sáyánáìdì ń jáde láti inú ẹ̀gẹ́ nígbà tí a bá rin ín. Bí a bá jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ tí ó tó, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì yan án dáradára, púpọ̀ jù lọ nínú májèlé náà ń lọ. Bí a bá kánjú, ó ń ṣẹ́kù. Ní àárín ọdún 1960 sí 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Ìbàdàn ṣe ìwádìí àìsàn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, tí kò jìnnà sí wa. Ẹsẹ̀ àwọn tí ó ṣe ń kú tipiri, ìrìn wọn kò dúró, ojú àwọn mìíràn ṣókùnkùn, etí àwọn mìíràn sì di. Ó so àìsàn náà mọ́ sáyánáìdì tí ó wà nínú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ mìíràn tí ó ní agbára. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Kóńgò àti Mòsáḿbíìkì pẹ̀lú, níbi tí ìyàn tàbí ogun ti mú kí àwọn ènìyàn gé ọjọ́ ìtọ́jú ẹ̀gẹ́ kúrú, àìsàn kan tí a ń pè ní konzo ti rọ ọ̀pọ̀ ọmọdé àti obìnrin lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn òtítọ́ ni èyí: gààrí tí a kánjú ṣe, tí a sì ń jẹ lásán lójoojúmọ́, lè pani lára, gààrí tí ó kan fún ọjọ́ tí ó tó, tí a yan dáradára, tí a sì ń fi ẹja tàbí ẹ̀wà tì lẹ́yìn, oúnjẹ rere ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò ní lé oníbàárà lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, yóò mọ ìdí tí ọjọ́ 4 fi dára ju ọjọ́ 1 lọ, àti ìdí tí gààrí tirẹ̀ fi tó owó tí ẹ pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára níhìn-ín. Bí ẹ bá kọ ọjọ́ 4, kí ó jẹ́ ọjọ́ 4. Nígbà tí gààrí bá wọ́n, tí owó sì ń dán lójú, ìdánwò ńlá ni láti fún ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ kejì kí a sì fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ sórí ojú-ìwé. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ òtítọ́ ní oṣù tó kọjá ti di irọ́ nìyẹn, ara ẹlòmíràn ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Ẹni tí ń kọ̀wé nípa oúnjẹ ń kọ̀wé nípa ìlera ènìyàn.

5. Ǹjẹ́ òtítọ́ ń tà?

Àwọn àgbà a máa wí pé òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Òwe náà ń báni wí ni; kò pàṣẹ fún wa. Ní nǹkan bí ọdún 1880, ọkùnrin kan tí a ń pè ní John E. Powers ń kọ ìpolówó fún ilé ìtajà John Wanamaker ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń ròyìn pé nígbà kan aṣọ òjò tí ó ti ń gbó kún inú ilé ìtajà náà, wọn kò sì mọ bí wọn yóò ti tà á. Powers kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní gbangba pé aṣọ òjò náà ti ń gbó, àti pé àwọn fẹ́ rí i kó kúrò nílẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi tà. Àwọn olùrà mọ ohun tí wọ́n ń rà, wọ́n sì gbà pé ẹni tí ó sọ àbùkù ọjà rẹ̀ kò ní parọ́ nígbà tí ó bá ń yin òmíràn.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì òtítọ́ tún ní agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjà Òrù, oníbàárà lè fi ọwọ́ bu gààrí wò kí ó tó sanwó. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ yín nìkan ni ó rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a sì ti rẹ́ jẹ níbẹ̀: wọ́n rí àwòrán ohun kan, ohun mìíràn ni wọ́n rí gbà. Nítorí náà, àwòrán ọjà tiyín gan-an ni kí ẹ lò, tí a yà ní ojúmọmọ, kì í ṣe èyí tí ẹ jí láti ojú-ìwé ẹlòmíràn. Kí orúkọ yín àti ìlú yín hàn. Bí oníbàárà bá yìn yín, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán rẹ̀ hàn. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ ẹni ti ọdún 2023 pàápàá kò gbà pé kí a kàn máa fi ọ̀rọ̀ ẹni tọrẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Lórí fóònù, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó lè bá a.

Ẹ̀yin pẹ̀lú, ẹ ṣọ́ra fún olùrà èké. Bí ẹnìkan bá fi àwòrán ránṣẹ́ pé òun ti sanwó, ẹ má tìtorí rẹ̀ di ẹrù. Ẹ wo inú àpò ìfowópamọ́ yín fúnra yín; bí owó kò bá sí níbẹ̀, kò tíì sanwó.

6. Bí ẹni tí kò mọ̀ wá yóò ti rí wa

Google, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, dà bí ẹni tí ó ka gbogbo ìwé ayé tí ó sì kọ sílẹ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà tí ẹnìkan bá tẹ ọ̀rọ̀ tí ó ń wá, ó mú ojú-ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ wá fún un. Nítorí èyí, ojú-ìwé tí ó jẹ́ àwòrán nìkan kò sọ ohun púpọ̀ fún un. Ẹ kọ orúkọ ọjà àti orúkọ ìlú pẹ̀lú lẹ́tà. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀: “gari ijebu” tàbí “garri ijebu” ni wọ́n ń kọ. Kí ọ̀nà ìkọ̀wé wọ̀nyí fara hàn lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má tún orúkọ kan náà kọ nígbà ogún; òfin Google kò fẹ́ ẹ, ó sì ń sú ẹni tí ń kà á.

Ẹ má jẹ́ kí àwòrán tóbi jù. Ìkànnì fóònù kò lágbára ní ọ̀pọ̀ ibi ní etí omi, owó ni oníbàárà sì fi ń ra dátà. Ojú-ìwé tí kò tètè ṣí, a kì í dúró dè é.

7. Ohun tí òfin wí

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti orílẹ̀-èdè wa, tí a ń pè ní ti ọdún 2018, kà á léèwọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ èké tàbí ọ̀rọ̀ ìtànjẹ ta ọjà. Ó fẹ́ kí a fi iye owó hàn, kò sì gbà kí a gba owó tí ó ju èyí tí a fi hàn lọ. Nítorí náà, àṣà pé “ẹ kọ̀wé sí wa láti mọ iye owó” kò dára lójú òfin, kò sì dára lójú oníbàárà, ẹni tí ó máa ń rò pé a fẹ́ wo ojú òun kí a tó pe owó.

Bí ẹ bá ń di gààrí tàbí oúnjẹ mìíràn sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ yín láti tà á káàkiri, ẹ ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC. Ẹ má kọ nọ́ńbà tí a kò fún yín. Ẹ má sì kọ láé pé oúnjẹ yín ń wo àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn mìíràn. Aláìsàn kan lè gbà yín gbọ́ kí ó sì pa oògùn rẹ̀ tì.

8. Ohun tí a lè kọ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan

Ṣẹ́ẹ́rẹ́ àti Èrèlè: ẹ kọ nípa gbígbẹ gààrí ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, àti nípa ẹja yíyan.
Ẹrẹ́nà àti Igbe: òjò ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ nípa yíyan igi ẹ̀gẹ́ tí a ó gbìn, bí ẹ bá ń tà á.
Èbìbí àti Òkúdù: ẹ kọ́ oníbàárà bí yóò ti pa gààrí mọ́ kí ó má bu.
Agẹmọ àti Ògún: ẹ kọ nípa àgbàdo tútù.
Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà: ẹ ròyìn ìkórè kòkó àti obì bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀.
Bélú àti Ọ̀pẹ: ọdún Kérésìmesì ń bọ̀, ẹ sọ ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹrù lè kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ọjọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí í ṣe ọjọ́ kẹta Iléyá, ń yí padà lọ́dọọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń bọ̀ wá sílé, kí wọ́n lè pàṣẹ ohun tí wọn yóò kó padà lọ.

Ẹ ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Nígbàkigbà tí oníbàárà tuntun bá pè, ẹ bi í pé, “Níbo ni ẹ ti rí wa?” kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ ó mọ ọ̀rọ̀ tí ń mú ènìyàn wá àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi èyí tí kò ṣiṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ mú èyí tí ń ṣiṣẹ́ dàgbà, bí a ti í yan irúgbìn. Ẹ má sì retí ìkórè ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ṣùgbọ́n igi obì kì í so ní ọjọ́ tí a gbìn ín.

Àwọn ìbéèrè fún àtúnyẹ̀wò

1. Kí ni ohun mẹ́ta tí ó wà nínú igbe ẹni tí ń kiri ọjà?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tí ń kọjá lọ àti ọ̀rọ̀ tí ń dúró?
3. Nínú ìpolówó gààrí méjì tí a kọ sókè, èwo ni ẹ ó fi owó yín rà, kí sì ni ìdí rẹ̀?
4. Kí ni a ó sọ fún ẹni tí ó bá béèrè bóyá gààrí ń ba ojú jẹ́?
5. Kọ ìpolówó ọjà tìrẹ ní ìlà mẹ́jọ, láìlo ọ̀rọ̀ náà “dára jù lọ”. Kà á fún ẹnìkan tí kò mọ iṣẹ́ rẹ. Bí ó bá tún ní ìbéèrè, fi ìdáhùn rẹ̀ kún un.